Ìwé ẹ̀rí ìbí: ohun tó ń jẹ́rìí sí àti ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ mọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mo bí ọmọ mi sí lọ́dún 2016. Mo fi ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ béèrè páṣípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kò tó. Kí ló kù?

Ìdáhùn: Ẹ̀rí nípa ẹ̀yin òbí ló kù. Ní Kánádà, ẹni tí wọ́n bá bí síbẹ̀ ti di ọmọ ibẹ̀, àyàfi díẹ̀ bí ọmọ àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pa irú òfin bẹ́ẹ̀ tì láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983. Bàbá tàbí ìyá gbọ́dọ̀ ti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà, tàbí kó ti ní àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ láìní gbèdéke, lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ. (Nàìjíríà náà kò gba ibi ìbí nìkan: abala 25 ìwé òfin 1999 ní kí òbí tàbí òbí àgbà kan jẹ́ ọmọ Nàìjíríà.)

Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára ìwé ìgbélùú yín. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìbí lẹ gbà á, ọmọ kò tíì di ọmọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè béèrè pé kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó pé ọdún 18. Ọmọ tó bá sì lo ọdún 10 àkọ́kọ́ níbẹ̀, tí kò kúrò ju 90 ọjọ́ lọ lọ́dún kọ̀ọ̀kan, ní ẹ̀tọ́ yẹn láìka ìwé òbí sí. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìwé kúkúrú lẹ fi ránṣẹ́. Kò sí orúkọ òbí nínú rẹ̀. Èyí tó kún ni kí ẹ gbà.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí báńkì kì í fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí ìbí nìkan dá èèyàn mọ̀?

Ìdáhùn: Kò ní fọ́tò. Ó ń sọ pé wọ́n bí ẹnì kan, kò sọ pé ìwọ tó mú un dání lẹni náà. Ní England, ẹlòmíràn lè sanwó gba ẹ̀dà tìrẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tẹ ìkìlọ̀ sára rẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rí ìdánimọ̀. Fi káàdì tó ní fọ́tò tì í. Bí orúkọ bá ti yí padà, mú ìwé ìgbéyàwó tàbí ìwé ìyípadà orúkọ tó so méjèèjì pọ̀. Má ṣe fi bírò tún lẹ́tà kankan ṣe lórí rẹ̀ o! Ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ni kó ṣàtúnṣe sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, kí wọ́n sì fún ọ ní ẹ̀dà tuntun. Ìbúra kọ́ọ̀tù lè ṣàlàyé àṣìṣe, kò lè pa á rẹ́.

Ìbéèrè: Ìwé tí ilé ìwòsàn fún wa ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìyẹn kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìbí, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Ẹ mú un lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ kíákíá. Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, máa ń yẹ ìwé tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ju ọdún kan lọ lẹ́yìn ìbí wò fínnífínní nígbà tí wọ́n bá fi béèrè páṣípọ́ọ̀tù: ó gbọ́dọ̀ to àwọn ẹ̀rí tí wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí kò bá ní ìwé rárá, kó kọ́kọ́ gba lẹ́tà pé orúkọ òun kò sí nínú àkọsílẹ̀, kó wá wá ìwé ìrìbọmi, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n kọ nígbà èwe ni wọ́n máa ń gbà gbọ́ jù, torí kò tíì sí ẹni tó nílò páṣípọ́ọ̀tù nígbà náà.