Níbo ni eré kẹ̀kẹ́ náà ń wọlẹ̀ sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Peckham ní London là ń gbé. Wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò wa kí wọ́n mọ òkìtì tí wọ́n á máa fi BMX, kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń sáré tí wọ́n sì fi ń dárà, fò. Òkìtì mẹ́ta ló wà lórí ìlà kan. Wọ́n ń fo àkọ́kọ́ dáadáa. Ní èkejì, táyà ẹ̀yìn máa ń gbá etí òkìtì. Kí wọ́n tó dé ẹ̀kẹta, wọ́n ti ń wa pẹ́dàlì bí ẹni tí ajá ń lé. Ibi tí wọ́n ti ń gbéra fi mítà 2 ga ju orí òkìtì àkọ́kọ́ lọ. Ṣé ká tún gbé e ga sí i ni? Burgess Park la ti wo ìbalẹ̀, ibi tí kẹ̀kẹ́ ń balẹ̀ sí, kọ́; YouTube la ti rí ojú ìfò, ibi tó ti ń fò.

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó ọmọ o. Ẹ má gbé e ga rárá. Gbólóhùn tí ẹ fi parí yẹn ni mo dì mú: orí òkìtì YouTube lẹ so mọ́ ìdí òkìtì Burgess Park.

Pápá eré ìje BMX ló wà ní Burgess Park. Kye Whyte, ọmọ Peckham yín tó gba fàdákà ní Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021, kò wá àtipẹ́ lókè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ń jẹ. Nítorí náà òkìtì pápá ìje kì í dúró ṣánṣán, ìbalẹ̀ rẹ̀ náà sì máa ń rọra tẹ́. Àwọn ti YouTube, òkè gan-an ni wọ́n ń wá kí àyè lè wà fún àrà.

Ẹni tó bá fò ní dígírì 45, ìdajì agbára rẹ̀ ló fi ń gòkè, ìdajì ló fi ń lọ síwájú. Bí ilẹ̀ ìbalẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ọmọ náà ṣe ń bọ̀, èyí tó gbé gòkè á padà di eré. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ilẹ̀ àti orúnkún ọmọ ni yóò gbé e mì.

Lọ́la, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì àkọ́kọ́, ẹ dijú, ẹ ṣáà tẹ́tí. Ìbalẹ̀ tó dáa kì í pariwo. “Ṣìì” lásán ni táyà máa ń dún. Bí ẹ bá ń gbọ́ “gbìì”, tí ṣéènì ń lu irin, ibẹ̀ ni eré òkìtì kejì ti ń sọnù. Ọmọ tí ẹ ní ó fo àkọ́kọ́ dáadáa, gbèsè ló jẹ síbẹ̀.

Láti mítà 2, láìwa pẹ́dàlì, kẹ̀kẹ́ lè fi nǹkan bíi kìlómítà 22 ní wákàtí kan dé orí òkìtì. Ká ní afẹ́fẹ́ àti iyẹ̀pẹ̀ kò fà á sẹ́yìn rárá, ìyẹn á gbé ọmọ jìnnà tó mítà 4 bó bá fò ní dígírì 45. Mítà 1 tí ẹ bá fi kún gíga yẹn, mítà 2 ló máa kún fífò. Wọ́n á fò kọjá ìbalẹ̀, wọ́n á já lu ilẹ̀ gbalaja. Mo ti gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn nítorí irú ẹ̀ rí.

Ṣọ́bìrì ni kí ẹ gbé. Ẹ jẹ́ kí ìbalẹ̀ dà tó ojú ìfò, tàbí kó súnmọ́ ọn, kó sì gùn, torí ọmọ kan á fò jìnnà ju èkejì lọ. Kòtò tó wà láàárín ìbalẹ̀ àti òkìtì tó kàn, bí ikùn igbá ni kó rí, kó má ṣe rí bí ojú àáké. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń fi apá àtẹsẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ bó ti ń sọ̀kalẹ̀, táá sì fúyẹ́ lórí rẹ̀ bó ti ń gòkè. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe kì í nílò pẹ́dàlì. Láàárín ìbalẹ̀ àti òkìtì tó kàn, èmi máa ń fi àyè kẹ̀kẹ́ méjì sílẹ̀. Ojú ìfò tó bá ga ní mítà 1.2, kó ti máa ròkè díẹ̀díẹ̀ láti mítà 3 sẹ́yìn. Bó bá kúrú jù, yóò ta ìdí kẹ̀kẹ́ sókè, ọmọ á sì gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kọjá.

Ẹ wọ́n omi sí iyẹ̀pẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì lù ú títí á fi máa dán. Ilẹ̀ rírọ̀ ń jẹ eré. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò kí omi òjò rí ibi ṣàn sí. Àwọn ọmọ ni kó ṣe é o: láàárín àwa tí à ń mọ òkìtì, ẹni tí kò bá gbẹ́lẹ̀ kò ní gùn.

Òkìtì kejì ńkọ́? Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ tún ìbalẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe ná, kí wọ́n gùn ún fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ṣeé ṣe kó má ní àléébù kankan.