De Wit níwájú, Visscher nínú: kì í ṣe ayédèrú

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní orúkọ Frederik de Wit, oníṣẹ́ máàpù ará Amsterdam, ló wà níwájú átílásì (ìwé máàpù) àtijọ́ tẹ́ ẹ jogún, àmọ́ máàpù Visscher, ìdílé oníṣẹ́ máàpù mìíràn níbẹ̀, kún inú rẹ̀, oníṣòwò kan sì ní wọ́n ti já ojú ìwé mìíràn kún un, pé kẹ́ ẹ jẹ́ kóun tú u tà. Ẹ má gbà fún un rárá. Bí wọ́n ṣe ń tà á ní Amsterdam nígbà ayé De Wit nìyẹn. Oníbàárà á wọ ṣọ́ọ̀bù, á ṣa máàpù tó wù ú; èyí tí ọlọ́jà ò bá ní, wọ́n á wá a lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Olówó á tún sanwó kí wọ́n kùn ún láwọ̀. Lọ́yà kan níbẹ̀, Laurens van der Hem, ra átílásì ńlá tí Blaeu, oníṣẹ́ máàpù mìíràn, tẹ̀, ó ń fi máàpù àtàwòrán kún un títí tó fi lé ní ìdìpọ̀ 40. Vienna, ní Austria, ló wà dòní. Ta ló fẹ́ sọ pé ayédèrú nìyẹn?

Ẹ má fi ojú ìwé àkọ́kọ́ mọ ọjọ́ orí ẹ̀. Máàpù kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ọdún 1689 ni De Wit gba àṣẹ ìjọba Holland pé kẹ́nikẹ́ni má da iṣẹ́ òun kọ, torí náà èyí tí àṣẹ yẹn bá wà lára ẹ̀ ò lè ṣáájú ìgbà náà. Tẹ́ ẹ bá rí “Covens et Mortier”, orúkọ ilé iṣẹ́ máàpù kan ní Amsterdam, a jẹ́ pé láti 1721 lọ sókè ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wá ṣí àárín ìwé dáadáa. Ẹ̀yìn máàpù ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ̀já bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rán mọ́ ìwé. Ọ̀já tó bá funfun ju àwọn yòókù lọ, ẹ fura pé ẹ̀yìn ni wọ́n fi máàpù orí ẹ̀ kún un.

Iṣẹ́ àtúnṣe ìwé ni mò ń ṣe. Wọ́n gbé irú tiyín wá bá mi rí lẹ́yìn tí ọlọ́jà kan ti gé máàpù inú ẹ̀ tà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì da ojú ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ orúkọ àwọn máàpù náà sí nù. Ọ̀já nìkan ló kù. Mo ka iye máàpù tó ti wà níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tí wọ́n jẹ́ mọ́.

Tí tiyín bá ṣì ní irú àkọsílẹ̀ orúkọ máàpù tí wọ́n fọwọ́ kọ bẹ́ẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ fi síbí, ká jọ fi wé ohun tó wà nínú ìwé.