Ṣé kámpù àgùnbánirọ̀ lè sọ ọmọ mi di sójà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kámpù àgùnbánirọ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ó ní sójà ló ń jí wọn kílẹ̀ tó mọ́, sójà náà ló ń kọ́ wọn ní máàṣì. Bàbá rẹ̀ ní ìjọba ń fọgbọ́n kó wọn wọ iṣẹ́ ológun ni. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ sì bá mi kí bàbá wọn. Èmi náà wọ kákí yẹn ní 1988, ní Sókótó. Ohùn sójà tó ń kọ́ wa ní máàṣì le ju fèrè àárọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ó padà sí bárékè, àwa lọ síbi tí wọ́n pín wa sí. Ẹsẹ̀ wíwú nìkan ni mo bá kúrò níbẹ̀.

Ìjọba Gowon ló dá ètò yìí sílẹ̀ ní 1973, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ogun abẹ́lé, kí ọmọ Yorùbá lè gbé láàárín Haúsá, kí ọmọ Ígbò náà gbé láàárín wa. Sójà ló bí i. Mo rò pé ibẹ̀ ni máàṣì ti wá.

Ẹ wo ọjọ́ orí. Ọmọ tó ní ìwé mẹ́wàá, tó wà láàárín ọdún 18 sí 22, ni iléeṣẹ́ ológun ń gbà sí kúrúùtù, ìyẹn sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ lè tó 26. Pẹ̀lú gbogbo ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì yìí, àgùnbánirọ̀ mélòó ló ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀?

Ipò ọ́físà nìkan ni àgùnbánirọ̀ àti iṣẹ́ ológun ti pàdé. Ẹni tó ní dìgírì, tó fẹ́ gba ọ̀nà DSSC (Direct Short Service Commission, ọ̀nà tí ẹni tó ti kàwé gboyè ń gbà di ọ́físà) wọlé, gbọ́dọ̀ mú sátífíkéètì àgùnbánirọ̀ tàbí ìwé ìyọ̀ǹda wá. Níbẹ̀ náà, ọjọ́ orí ní òpin, ọdún kan tí wọ́n fi sìn sì wà lára ọjọ́ orí náà. Òfin tún ní kí ẹni tó ti ṣe sójà tàbí ọlọ́pàá ju oṣù mẹ́sàn-án lọ má ṣe àgùnbánirọ̀ mọ́.

Bó bá wá wu ọmọ yín fúnra rẹ̀ láti wọ iṣẹ́ ológun, òun ni yóò kọ fọ́ọ̀mù, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ sá fún ẹni tó bá béèrè owó. Ní báyìí, ẹ sọ fún un kó máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Bàtà kámpù yẹn kò láàánú.