"Ṣé wọ́n rò pé orí wa dàrú ni?"

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 42 ni mí, Ìbàdàn ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. A ti ṣe IVF lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn kí wọ́n po ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ níta ara, oyún kò dúró. Dókítà wá sọ pé ẹyin tèmi kò dára tó mọ́, pé ká lo ti ẹlòmíràn. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 31, tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, ní òun máa fún mi ní tòun. Kò tíì lọ́kọ, kò tíì bímọ. Inú wa ń dùn lọ, ni ilé ìwòsàn bá ní àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí olùgbaninímọ̀ràn. Ọkọ mi fárígá. Ó ní ṣé wọ́n rò pé orí wa dàrú ni? Ó tún ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa ẹyin yìí, títí kan ọmọ náà fúnra rẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ bi wá? Ṣé wọ́n lè torí ìdáhùn wa ní ká má ṣe é?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìrọ́jú, àǹtí mi. Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Iṣẹ́ olùgbaninímọ̀ràn yìí ni èmi náà ń ṣe, ìbínú rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí mi. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń wọ ọ́fíìsì mi ni kì í fẹ̀yìn ti àga fún ìdajì wákàtí àkọ́kọ́. Wọ́n á jókòó sétí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè ní àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn mìíràn á mú ìwé ìgbéyàwó dání. N kò bèèrè rẹ̀ rí.

A kì í wá wèrè níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó yẹ kó jáde kí àbúrò yín tó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìgbà tí oyún ti dúró ló jáde, ìjà ló máa bá jáde.

Bó ṣe sábà máa ń lọ nìyí. Wọ́n á rí ẹ̀yin àti ọkọ yín pọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á rí yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n á rí àbúrò yín lóun nìkan. Ní ìparí, gbogbo yín á jókòó pọ̀. Wọ́n á bi yín bí ẹ ṣe gba ìròyìn pé ẹyin yín kò ṣeé lò mọ́, bóyá ẹ ti sunkún rẹ̀ tàbí ẹ kàn gbé e jù sílẹ̀ kí ẹ lè máa bá ìtọ́jú lọ. Wọ́n á bi yín ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé lẹ́yìn tí IVF méjèèjì kò bọ́ sí i, ẹni tó dákẹ́, ẹni tó kó lọ sílé ìyá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n á bi yín iye ìgbà tí ẹ lè tún gbìyànjú kí owó àti ara tó ní ó tó. Bí ọlẹ̀, ìyẹn ẹyin àti àtọ̀ tó ti di ọ̀kan, bá ṣẹ́kù sínú yìnyín, ta ló ni ín? Bí ìgbéyàwó bá tú ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ fi ẹnu yín sọ ìyẹn, ẹ máa ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́". Èmi náà á ṣe àmín, n ó sì tún un bèèrè.

Ohun kan wà tí n kò rò pé ọkọ yín máa fẹnu ara rẹ̀ sọ, ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé wa, èèwọ̀ ni kí ọkùnrin kan fẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ó sì wá di pé àtọ̀ rẹ̀ àti ẹyin àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló máa pàdé. Inú àwo kékeré nínú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti máa pàdé, ẹnì kankan kò bá ẹnì kankan sùn. Ọpọlọ mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọkùnrin tí kò lè wo ojú àbúrò ìyàwó rẹ̀ mọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, tó sì ń fi ìbínú sí olùgbaninímọ̀ràn bo ìtìjú náà mọ́lẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó sọ ọ́. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí ó bá sì ti sọ ọ́ tán, ó sábà máa ń fúyẹ́.

Ní tòótọ́, àǹtí mi, ọ̀rọ̀ yín kọ́ ló gbà mí lọ́kàn jù nínú lẹ́tà yìí. Ti àbúrò yín ni.

Ta ló sanwó ilé ìwé rẹ̀? Ta ló ra tíkẹ́ẹ̀tì tó fi lọ sí Ìlú Ọba? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, tàbí tó jẹ́ ilé yín ló gbé dàgbà, ṣé ẹnu rẹ̀ gbà á láti sọ fún yín pé òun kò lè ṣe é? Nílẹ̀ wa, àbúrò kì í wo ojú ẹ̀gbọ́n kó ní rárá, pàápàá nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń sunkún ọmọ. Ó lè jẹ́ pé tọkàntọkàn ló fi sọ pé òun á ṣe é. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe fẹ́ rí i lóun nìkan. Bí ó bá sọ fún mi pé òun kò fẹ́ mọ́, n kò ní sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé kò ní ṣeé ṣe pẹ̀lú ẹyin tirẹ̀, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà rí. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lẹ́yìn.

A ó bi í bóyá wọ́n ti ṣàlàyé ohun tí ara rẹ̀ máa là kọjá: abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14, kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ gígùn fa ẹyin náà jáde, àti pé ilé ẹyin lè wú ju bó ṣe yẹ lọ débi tí ẹlòmíràn fi ń dèrò ọsibítù. A ó bi í ní èyí tó le jù nítorí pé kò tíì bímọ: bó bá lọ́kọ lọ́la tí òun fúnra rẹ̀ wá ń wá ọmọ, tó ń rí ọmọ yín tó ń sáré káàkiri ilé, kí ló máa wà lọ́kàn rẹ̀? Mo tún ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ràn, torí ó máa ń fi ohun tí àlàyé gígùn kò lè fi hàn hàn: "Bí ẹ̀gbọ́n yín bá na ọmọ náà lójú yín, ṣé ẹ máa lè jókòó?" Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín tó ní "Èmi ni màá bá a mú koboko wá", ọkàn rẹ̀ sábà máa ń balẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, a ó tún pàdé.

Ní ti ìkọ̀kọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka àwọn tó ti mọ̀. Ẹ̀yin, ọkọ yín, àbúrò yín, dókítà, nọ́ọ̀sì méjì ó kéré tán. Nígbà tí àbúrò yín bá lọ́kọ, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ní kó má sọ fún ọkọ rẹ̀ títí ayé? Bó bá sì jẹ́ ilé ìwòsàn ní Manchester ni wọ́n ti ṣe gbogbo ìtọ́jú náà, òfin ibẹ̀ ti dá sí i. Òfin Ìlú Ọba ti 1990 ló sọ ọ́ di dandan kí wọ́n fún ẹni tó fẹ́ lo ẹyin tàbí àtọ̀ ẹlòmíràn láǹfààní láti rí olùgbaninímọ̀ràn. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2005, ẹni tó bá fi ẹyin sílẹ̀ níbẹ̀ kò lè fara pa mọ́ mọ́: ọmọ tó bá ti inú rẹ̀ jáde lè lọ bá HFEA, àjọ tó ń bójú tó irú ìtọ́jú yìí níbẹ̀, tó bá pé ọdún 18, kó bèèrè orúkọ. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, kò sí irú ìwé àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ayẹ DNA wò kò dúró de ìjọba. Itọ́ díẹ̀ nínú ìgò, ẹ fi ránṣẹ́. Bí ọmọ náà àti àbúrò yín bá ṣe é lọ́jọ́ kan, èsì á fi hàn pé òun ló ni ẹyin.

Ẹnìkan máa ń sọ fún mi ṣáá pé kí ló yàtọ̀ sí ti àtijọ́, nígbà tí obìnrin tó bímọ mẹ́fà máa ń mú ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò bí láti tọ́? Ìbéèrè tó dára ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé gbogbo agbo ilé ló mọ̀ nígbà náà. Ọmọ náà mọ̀. Ó ń pe àwọn méjèèjì ní ìyá, èdè wa sì gbà á. Ọ̀rọ̀ "ìyá" wa fẹ̀, ó gba àbúrò ìyá tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà kò fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pa mọ́ fún ara rẹ̀.

N kò lè pàṣẹ fún yín, ẹ̀yin lẹ ni ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí níbi tí mo fì sí, mo fì sí kí ẹ sọ fún un, kí ẹ sì tètè sọ ọ́. Susan Golombok àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge tẹ̀ lé irú àwọn ìdílé yìí láti ìgbà tí ọmọ wà ní ìkókó títí tó fi pé ọdún 20. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2023, àwọn ọmọ náà ń ṣe dáadáa bíi ti ẹgbẹ́ wọn. Níbi tí òbí ti sọ fún ọmọ kó tó pé ọdún méje, àárín ọmọ àti ìyá tún dán mọ́rán jù, ọkàn àwọn ìyá náà sì balẹ̀ jù. Kò gba ìpàdé ẹbí. "Ẹyin Màmá kò tó, àǹtí rẹ fún wa ní ọ̀kan nínú tirẹ̀, ìwọ la fi bí." Ọmọ ọdún mẹ́rin á ní "Ẹn-ẹ́n?", á sì bèèrè ohun tí ẹ sè.

Ṣé wọ́n lè ní kí ẹ má ṣe é? Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í wọ́pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ni "Ẹ dúró díẹ̀": bí oyún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ tí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, bí ọ̀kan nínú tọkọtaya bá fẹ́ tí èkejì kò fẹ́, bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá ti ń di àìsùn àti àìjẹun láìsí ìtọ́jú. Ohun tó máa ń jẹ́ ká sọ pé rárá gan-an ni tí a bá rí i pé ńṣe ni wọ́n ń fipá mú ẹni tó fẹ́ fún ni lẹ́yin, tàbí tí lílù bá wà nínú ilé. Ẹkún kì í ṣe ìdí. Kò sí tọkọtaya tó jókòó síwájú mi lórí ọ̀rọ̀ yìí tí ẹnì kan nínú wọn kò sunkún.

Àwọn ilé ìwòsàn kan tún máa ń fún ni níwèé kún. Èyí tí wọ́n ń pè ní MMPI-2, ìdánwò tó ń wo ìwà àti ọkàn ènìyàn, ní gbólóhùn 567, ẹ ó máa fi àmì sí òótọ́ tàbí irọ́. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, nítorí náà ẹni tó mọṣẹ́ kò ní fi ìwé yẹn nìkan dá yín lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe bí ẹni mímọ́. Wọ́n ti kó àwọn gbólóhùn kan pa mọ́ sínú rẹ̀ tó ń mú ẹni tó bá ní òun kò bínú rí láyé òun.

Ẹ tún kan lọ́yà. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 2014 kò fàyè gba kéèyàn gba èrè lórí ẹ̀yà ara tó fi tọrẹ, àyàfi owó tó ná sí i. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó kan ẹyin, nítorí náà, ohun tí ẹ bá fẹ́ fún àbúrò yín, ẹ jẹ́ kí lọ́yà wò ó. Bí ọ̀rọ̀ bá sì padà di pé obìnrin mìíràn ló máa gbé oyún náà, ìyẹn tún wúwo ju ẹyin lọ: ẹni tó ti bímọ rí là ń wá, a sì ń rí i títí dé ẹ̀yìn ìbímọ. Ní Ìlú Ọba, òun lòfin mọ̀ sí ìyá títí ilé ẹjọ́ yóò fi yí i padà. Ní Gúúsù Áfíríkà, ilé ẹjọ́ gíga gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn kí wọ́n tó fi ọlẹ̀ sí i nínú.

Ní ti ìpàdé yín, ẹ béèrè tẹ́lẹ̀ bóyá owó rẹ̀ wà nínú owó ìtọ́jú tàbí ó dá dúró, àti ohun tí wọ́n máa kọ ránṣẹ́ sí dókítà. Ó yẹ kó kúrú. Bí ti àbúrò yín bá jẹ́ lórí fídíò, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ yan àsìkò tí kò sí níbi iṣẹ́, tó lè ti ilẹ̀kùn. Ẹ má pè é ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú láti bá a gbàdúrà lé e lórí. Ẹ jẹ́ kó sùn.