Èsì: Kí ló dé tí Windows fi ń fi ìparí orúkọ fáìlì pamọ́?

Ẹ káàsán o. Ẹ béèrè ìdí tí Windows kì í fi jẹ́ ká rí .docx (àmì fáìlì ìwé Word) tàbí .exe (àmì fáìlì ètò kọ̀ǹpútà) lẹ́yìn orúkọ fáìlì, ẹ ní bóyá àwọn tó ṣe Windows rò pé a ò gbọ́n tó. Rárá o. Wọn ò fẹ́ ká fọwọ́ ara wa ba nǹkan jẹ́ ni, òótọ́ sì wà níbẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókè-Fíà, l'Óṣogbo níbí, màmá kan gbé láptọ́ọ̀pù wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ wọn kọ̀, kò ṣí mọ́. Níbi tí wọ́n ti ń yí orúkọ rẹ̀ padà ni wọ́n ti pa .docx rẹ́ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pé ṣáṣá. Mo kàn tẹ .docx padà, ló bá ṣí. Ká ní ó wà ní ìpamọ́ ni, wọn ò ní rí i pa rẹ́. Ti fódà System32, níbi tí àwọn fáìlì tí Windows fi ń ṣiṣẹ́ wà, tún wá le jù: ẹni tó bá yọ nǹkan níbẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè má tàn mọ́.

Àmọ́ ti ìparí orúkọ yìí, mi ò bá wọn lọ. Àtìgbà Windows 95 ló ti wà bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀daràn sì ti mọ̀ ọ́n lò. Lóṣù Karùn-ún 2000, fáírọ́ọ̀sì ILOVEYOU bá í-meèlì wọlé, orúkọ fáìlì rẹ̀ ni LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò rí .vbs yẹn, tó fi hàn pé ètò kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n rò pé lẹ́tà lásán ni, wọ́n ṣí i.

Tó bá jẹ́ Windows 11 lẹ ń lò, ẹ ṣí File Explorer, ẹ tẹ View, lẹ́yìn náà Show, kẹ́ ẹ wá mú File name extensions. Àwọn fáìlì tó jẹ́ ti Windows fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà ní ìpamọ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́.