Ṣé ó ti pẹ́ jù fún mi láti fọwọ́ gidi mú ṣẹ́ẹ̀sì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 34 ni mí. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì lọ́dún tó kọjá, alaalẹ́ ni mo sì ń ta á, ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Máàkì mi ò kúrò lójú kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ há oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ayò sórí. Òmíràn ní ẹni tí kò fi kékeré kọ́ ọ, asán ló ń ṣe. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Capablanca, tó di ọ̀gá àgbáyé nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ti mọ̀ ọ́n ta. Botvinnik ti pé ọmọ ọdún 12 kó tó kọ́ ọ, òun náà sì di ọ̀gá àgbáyé ní 1948. N ò ní tàn yín: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 30 kì í sábà di grandmaster, ipò tó ga jù fún atáṣẹ́ẹ̀sì. Máàkì 2500 ni FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, ń béèrè fún ipò yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì dé ibẹ̀ ló ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ orí tó ní kí ènìyàn má fọwọ́ gidi mú ayò.

Ohun tí mo fi ń mọ ẹni tó ti fọwọ́ gidi mú un ni ìṣesí rẹ̀ lẹ́yìn tó bá pàdánù. Kò ní sáré bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Á fẹ́ mọ ibi tí ọ̀ràn ti wọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ò lè fún yín ní èyí. Ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni yóò máa ṣe. Ẹ máa ta èyí tó gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa kọ gbogbo ìrìn sínú ìwé. Ojú kọ̀ọ̀kan lórí pátákó ló ní orúkọ, láti a1 dé h8. Nínú ìdíje ayò gígùn, dandan ni kí olúkúlùkù kọ ọ́. Tí ẹ bá parí, ẹ má tíì bi kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń rò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrìn tó dùn yín. Kọ̀ǹpútà á sọ pé ìrìn náà ò dáa. Kò lè mọ ohun tó wà lọ́kàn yín tí ẹ fi rìn ín.

Obìnrin kan tí mo ń kọ́ gbà pé ìbẹ̀rẹ̀ ayò ló ń yọ òun lẹ́nu. Nígbà tí a ka ìwé rẹ̀ pọ̀, ikú kan náà ló ń pa ọba rẹ̀ léraléra: àwọn ọmọ ogun (pawn) tirẹ̀ mẹ́ta dí i mọ́ ìlà ẹ̀yìn, rúùkù (rook) ọ̀tá á wọlé, kò ní sí ibi tí yóò gbà. Ìbẹ̀rẹ̀ ayò rẹ̀ ò ní àbùkù kankan! Látìgbà náà, kó tó kọlu ẹnikẹ́ni, ó ń kọ́kọ́ wò ó bóyá ọba òun rí ọ̀nà jáde.

Nítorí náà, ẹ fi ti ọ̀rẹ́ yín tó ní kí ẹ há nǹkan sórí sílẹ̀ ná. Ẹ tètè kó ẹṣin àti àwọn yòókù jáde, ẹ fi ọba pamọ́, ó tó. Ìparí ayò ni kí ẹ kọ́. Ẹ gbé ọba funfun sí e5, ọmọ ogun rẹ̀ sí e4, ọba dúdú sí e7, kó má sí nǹkan mìíràn lórí pátákó. Bó bá kan dúdú láti rìn, funfun á borí. Bó bá kan funfun, ọ̀mì ni, bí dúdú bá mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ ta á níhà méjèèjì títí ìdí rẹ̀ á fi yé yín láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Ibi tí mo ti fẹ́ràn ayò yìí jù nìyẹn.

Tí ẹ bá ti kọ bí ayò mẹ́wàá sílẹ̀, ẹ fi èyí tó dùn yín jù nínú àwọn tí ẹ pàdánù ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ó jọ kà á níbí.