Èsì fún ìyàwó ará Kétu: ìwé ìgbéyàwó yín kò lè ṣe é, ẹ bi í léèrè ìyá rẹ̀

Òkun o, arábìnrin wa. Mo ka ìbéèrè yín dáadáa. Ẹ ní ọmọ Ẹ̀kìnrìn-Àdé ni yín, ọkọ yín jẹ́ ará Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó ń ṣe bíríkìlà ní Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, ọdún 12 rèé tó ti wà níbẹ̀, ọmọ méjì ló wà láàárín yín, wọ́n sì tún dá a dúró lójú ọ̀nà Ọbájànà. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé ìgbéyàwó kóòtù lè sọ ọ́ di ọmọ Nàìjíríà, àti ohun tó yẹ kó máa mú dání.

Kò lè sọ ọ́ di ọmọ Nàìjíríà. Ẹ má jẹ́ kí ejẹ́ntì kankan gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín lórí ìyẹn. Ká ní ẹ̀yin lẹ wá láti Kétu, tí òun jẹ́ ọmọ Ẹ̀kìnrìn, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Abala 26 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní obìnrin yòówù tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tàbí tó ti fẹ́ ẹ rí, lè forúkọ sílẹ̀ láti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Tó ti fẹ́ ẹ rí o! Bí ìgbéyàwó ọ̀hún tilẹ̀ ti tú ká, ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀ fún un. Ọkùnrin tó fẹ́ ọmọbìnrin wa ńkọ́? Òfin ò dárúkọ rẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ abala 42 nínú ìwé kan náà ní wọn ò gbọdọ̀ tìtorí pé èèyàn jẹ́ akọ tàbí abo rẹ́ ọmọ Nàìjíríà jẹ. Ẹni tó bá yé kó wá ṣàlàyé fún mi. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n gbé àtúnṣe rẹ̀ wá síwájú àwọn aṣòfin l'Ábùjá, wọ́n dìbò ta á nù. Àwọn obìnrin lọ dúró sẹ́nu géètì wọn, àwọn aṣojú-ṣòfin wá ní àwọn á tún un gbé yẹ̀ wò. Abala 26 ṣì wà bó ṣe wà.

Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ọkọ yín ni pé ọmọ ibo ni ìyá rẹ̀? Ọmọ ibo ni ìyá tó bí ìyá rẹ̀, àti bàbá tó bí bàbá rẹ̀? Mo mọ ìdí tí mo fi ń béèrè. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà gba inú ilẹ̀ Kétu kọjá. Ìlú Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó wà lábẹ́ Alákétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló sì wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí. Wọn ò fìgbà kan dẹ́kun fífẹ́ ara wọn. Tí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ, abala 25 ti sọ ọkọ yín di ọmọ bíbí Nàìjíríà, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí, torí òfin ní bí ọ̀kan nínú òbí bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ó ti tó. Tó bá jẹ́ pé òbí àgbà nìkan ni, abala 26 kan náà tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìgbéyàwó yín ṣí òmíràn sílẹ̀: àgbàlagbà tí wọ́n bí sẹ́yìn odi, tí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ àgbà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, lè forúkọ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ọkùnrin ìbáà jẹ́ obìnrin. Kò sí pé ó gbọ́dọ̀ ti gbé ibí fún ọdún báyìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jókòó sídìí tábìlì kì í béèrè ọ̀rọ̀ ìyá tàbí òbí àgbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á wo páspọ́ọ̀tù, wọ́n á ní ‘àlejò ni’, ó parí.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó lọ sí Ìmẹ̀kọ fúnra rẹ̀, kó má rán ènìyàn. Kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ olórí agbo ilé, kó gba ti ààfin lé e, kí àgbà kan nínú ẹbí tó mọ ìran náà lọ búra ní kóòtù, kó sì wá ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò ìyá àgbà náà tó ti ní NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè) àti ìwé ọmọ onílùú láti kánsù Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n. Orúkọ ìdílé tó wà lórí ìwé onítọ̀hún ló máa so ti ọkọ yín mọ́lẹ̀.

Bí kò bá sí ẹbí kankan lápá ibí, abala 27 ló kù, ìyẹn ti ẹni tó ti pẹ́ nílùú. Ibẹ̀ lojú ti ń rí tó. Ọdún 15 ni wọ́n ń béèrè, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà kà á. Yálà kó ti gbé ibí fún ọdún 15 léraléra títí di ọjọ́ tó kọ̀wé, tàbí kó gbé ibí fún oṣù 12 gbáko ṣáájú ọjọ́ náà, kí àpapọ̀ ìgbà tó ti lò níbí láàárín ọdún 20 tó ṣáájú oṣù 12 yẹn sì pé ọdún 15. Ẹni tó ń lọ sìnkú, tó ń lọ ṣọdún nílé, ọ̀nà kejì ni kó dì mú, torí ọ̀gá kan lè fi oṣù kan tó lò ní Kétu sọ pé ìgbé rẹ̀ ti já. Nínú ìṣirò yẹn, ọdún mẹ́rin ó lé díẹ̀ ló kù fún ọkọ yín. Ọdún 12 ẹnu ò sì já mọ́ nǹkan kan lójú wọn, ọdún 12 orí ìwé ni wọ́n mọ̀. Ó kéré tán, kí ìwé kan wà fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó ní orúkọ rẹ̀ àti déètì: rìsíìtì owó orí ìpínlẹ̀ Kogí, rìsíìtì owó ilé, owó ilé ìwé àwọn ọmọ, káàdì ọsibítù, owó ẹgbẹ́ bíríkìlà, àkọsílẹ̀ báńkì. Bébà POS máa ń pa rẹ́ o. Kó tó pé ọdún, ó ti funfun báláú, ẹ ò ní rí ohunkóhun kà níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá gbà á ni kẹ́ ẹ ya fọ́tòkọ́pì rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti gómìnà. Òfin ní gómìnà ìpínlẹ̀ tó ń gbé gbọ́dọ̀ gbà pé àwọn ará àdúgbò tẹ́wọ́ gbà á, àti pé ó ti mọ ìgbé ayé àwọn èèyàn ibẹ̀. Ọmọ Kétu ni a ń sọ o, tó ń fi Yorùbá ṣàdúrà, tó ń fi Yorùbá ná ọjà, òun ló máa wá ẹ̀rí pé òun mọ ìṣe Yorùbá ní Kàbà! Gómìnà ò mọ̀ ọ́n rí, kò sì ní mọ̀ ọ́n láéláé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé Àbújá á kọ̀wé sí Lọ́kọ́jà, Lọ́kọ́jà á kọ̀wé sí kánsù, kánsù á ní kí wọ́n lọ wádìí lọ́dọ̀ ọba tàbí baálẹ̀, àwọn agbófinró náà á sì ṣe ìwádìí tiwọn. Àárín Lọ́kọ́jà sí kánsù ni fáìlì máa ń kú sí. Akọ̀wé tó gbà á ti lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ẹni tó gba ipò rẹ̀ ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, fáìlì wà lábẹ́ fáìlì, bí ẹ bá sì béèrè, wọ́n á ní ‘ó ti lọ’. Ó lọ síbo? Wọn ò ní sọ.

Ẹ má dúró dìgbà tí Lọ́kọ́jà bá kọ̀wé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ olórí àdúgbò, kẹ́ ẹ fi gba ti ààfin. Lẹ́tà tó kàn sọ pé ‘a mọ̀ ọ́n sí ọmọlúàbí’ kò wúlò, irú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ fún gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kó sọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú páspọ́ọ̀tù, ọdún tó dé, ilé tó ń gbé, iṣẹ́ tó ń ṣe, orúkọ yín àti ti ìdílé yín, àti owó àdúgbò tó ń dá. Kí àwọn méjì fọwọ́ sí i pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn, torí ẹni tó wá wádìí á pè wọ́n. Ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sí kánsù, kẹ́ ẹ má sì kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti déètì sórí ẹ̀dà tiyín pé àwọn ti gbà á. Òǹtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ò rí nǹkan kan gbà.

Kánsù Kàbà/Bùnú ni o, kì í ṣe Ìjùmú. Ìyàrà ni ẹ̀yin máa ń lọ nítorí pé ọmọ Ìjùmú ni yín, ẹ sì lè mọ ènìyàn níbẹ̀, àmọ́ ibi tó ń gbé ni òfin ń wò. Wọ́n máa dá ìwé tó bá gba Ìyàrà kọjá padà ni.

Ti orúkọ tún wà níbẹ̀. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ máa ń fi Faransé kọ orúkọ Yorùbá: Babatoundé ló wà nínú páspọ́ọ̀tù, Babatunde ni báńkì kọ, Babatúndé ni ìwé ìbí ọmọ. Ẹnì kan náà ni lójú èmi àti ẹ̀yin, ẹni mẹ́ta ni lójú kọ̀ǹpútà. Láti òní lọ, kí ìwé tuntun kankan má yàtọ̀ sí ti páspọ́ọ̀tù, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ ṣe ìwé ìbúra kan ní kóòtù tó to gbogbo bí wọ́n ti kọ orúkọ náà sójú kan. Ẹ wo ọjọ́ ìbí rẹ̀ náà. Bí ìwé ìbí rẹ̀ bá ní ‘né vers 1982’, ìyẹn pé wọ́n kàn fojú díwọ̀n ọdún, kó lọ tún un ṣe lọ́hùn-ún kó tó kọ́wọ́ bọ ohunkóhun níbí, torí fọ́ọ̀mù á béèrè ọjọ́ àti oṣù, èyí tó bá sì kọ́kọ́ kọ ló máa lẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo ìwé tó wà ní Faransé, kí atúmọ̀ tó ní òǹtẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ò le, orí íntánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé l'Ábùjá ló wà, ẹ ó rí i.

Nǹkan méjì kan wà tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Tí olóṣèlú bá ń kó àwọn èèyàn lọ forúkọ sílẹ̀ fún PVC, ìyẹn káàdì ìdìbò, kí ọkọ yín má bá wọn lọ. Ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló ń dìbò, bí orúkọ rẹ̀ bá sì ti wà níbẹ̀, ó ti ṣẹ̀ sófin, abala 27 sì ń béèrè ìwà rere. Bákan náà ni ẹni tó ní òun á bá a ṣe NIN ‘ọmọ Ògùn’. Òfin NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, ti ọdún 2007 fàyè gba àlejò tó bá ń gbé ibí lọ́nà ẹ̀tọ́ láti gba NIN lórúkọ ara rẹ̀, kó gbà á bí àlejò. Bó bá ti gba èyí tó purọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ wá lọ́yà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ má lọ ‘tún un ṣe’ lọ́dọ̀ ọmọ kọ̀ǹpútà.

Ẹ ò béèrè ti àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ọmọ bíbí Nàìjíríà ni wọ́n nípasẹ̀ yín, kò sí ìforúkọsílẹ̀ kankan tí wọ́n máa ṣe. Ìwé ìbí láti ọ̀dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn ti tó. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ gba ìwé ọmọ onílùú fún wọn ní Ìyàrà, ẹnì kan lè ní ìlú bàbá ni wọ́n ń kọ. Ẹ fi abala 318 hàn án: ẹni tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ tàbí òbí rẹ̀ àgbà bá ti jẹ́ ọmọ àwùjọ kan ní ìpínlẹ̀ ti jẹ́ ti ìpínlẹ̀ náà. Wọn ò kọ ‘bàbá’ síbẹ̀. Ẹ tẹ ojú ìwé náà jáde, torí bí ẹ bá kàn fẹnu sọ ọ́, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi yín rín.

Ó dáa, ti ojú ọ̀nà Ọbájànà. Òfin ECOWAS ti ọdún 1979 fún un ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìní físà, bó bá ti ní ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ gbàṣẹ láti máa gbé. Nítorí náà páspọ́ọ̀tù tí òǹtẹ̀ ìwọlé wà nínú rẹ̀, àti káàdì ìgbélùú ECOWAS láti ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n ní Lọ́kọ́jà, ìyẹn ni kó máa mú dání. Mo fura pé kò ní òǹtẹ̀. Ọ̀nà igbó tó gba Ìlárá ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà wọlé, èèyàn ò sì lè ṣírò àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti ibi tí kò sí déètì. Kó padà lọ, kó gba bodè gidi bíi Sẹ̀mẹ́ wọlé, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí páspọ́ọ̀tù rẹ̀, kó wá lọ fi ìyẹn gba káàdì. Fọ́tòkọ́pì ìwé ìgbéyàwó yín lè bá a lọ, àmọ́ kó má fi ṣe ààbò.

Bí wọ́n bá mú un, ọlọ́pàá ò ní agbára láti lé e kúrò nílùú, ìmígíréṣọ̀n ni wọ́n máa fà á lé lọ́wọ́. Abala 35 kan àlejò náà: wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sínú ìwé fún un láàárín wákàtí 24 ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n sì gbé e dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40. Wọ́n á gbé abala kan náà dìde pé ó fàyè gba dídá àlejò tí wọ́n fẹ́ lé dúró. Ẹ bi wọ́n pé ìwé àṣẹ lílé dà? Òfin ECOWAS náà ní wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó ọkọ yín àti ìjọba Bẹ̀nẹ̀ létí, kí ẹni tó ń lé e sì san owó ọ̀nà rẹ̀. Kó má jẹ́ kí wọ́n sọ fún un pé ‘ṣáà gbà pé o jẹ̀bi kó o máa lọ ilé’. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jẹ̀bi, ó ti di ìdí láti yẹ ìwà rẹ̀ wò lórí fáìlì Àbújá. Owó ẹ̀yìn tó ń san lójú ọ̀nà kì í ní rìsíìtì, àwọn mìíràn á sì béèrè tiwọn lọ́la.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ fọ́tò ojú ìwé páspọ́ọ̀tù rẹ̀ tí ẹ gbé sórí ìbéèrè yín kúrò. Nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ hàn gedegbe. Ẹ kàn dá mi lóhùn lórí ti ìyá rẹ̀ àti ìyá àgbà, kí n mọ èyí tí ẹ máa gbá mú nínú abala 25, 26 àti 27.